Ọkọ wà lójú ogun, ìyàwó wà nílé: ta ni yóò máa pàṣẹ?

Ìyàwó Ológun, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Sójà ni ọkọ mi. Bọ̀nọ́ ni wọ́n gbé e lọ, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀. Tó bá wà ní Màídúgùrì, a máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Tí wọ́n bá ti wọ igbó lọ, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó gbóhùn rẹ̀. Nígbà tó bá sì pè, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́, torí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń dúró láti lo fóònù kan náà.

Kì í ṣe owó ni ìṣòro mi o. Ó ń fi owó ránṣẹ́ nígbà tó bá ráyè. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé gbogbo nǹkan ilé yìí ló ń dúró de ẹnu rẹ̀. Ilé tí à ń kọ́ lọ́nà Ìkóyì-Ilé ti kúrò ní fèrèsé, ó ku kí wọ́n kan páànù, bíríkìlà sì ń pariwo pé òjò ti súnmọ́lé. Ẹbí tó ta ilẹ̀ fún wa tún ti gbé ọ̀rọ̀ dé, wọ́n ní ẹni tó gbowó lọ́wọ́ ọkọ mi kì í ṣe olórí ẹbí. Káṣú ti ń já bọ́ lóko wa, oko tí èmi náà ń bá ọkọ mi san owó àwọn tó ro ó. Àbúrò ọkọ mi, ẹni tí mò ń pè ní Bàbá Kékeré, ní òun ni yóò tà á nítorí oko ẹ̀gbọ́n òun ni. Owó WAEC àkọ́bí wa náà ti tó san.

Bí mo bá dá nǹkan kan ṣe, wọ́n á ní mo ti gba ilé mọ́ ọkọ lọ́wọ́. Bí mi ò bá ṣe é, nǹkan á bàjẹ́. Ẹ̀yin tí ọkọ yín ti lọ sógun rí, àti ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ lọ, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?


Aláṣọ Tákìé

Àbúrò mi, Ọlọ́run yóò dá a padà fún ẹ pẹ̀lú ayọ̀. Ọkọ tèmi wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń pe iṣẹ́ ogun tí wọ́n ń bá Boko Haram jà ní Lafiya Dole, kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Hadin Kai ní 2021. Mo mọ bí àyà ṣe máa ń já tí nọ́ńbà tí èèyàn ò mọ̀ bá pe fóònù.

Ra ìwé kan. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan, fi ìlà pín in sí méjì. Apá kan, kọ ohun tó gbọ́dọ̀ dáhùn sí. Apá kejì, kọ ohun tó kàn yẹ kó mọ̀. Tó bá pè, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kíra yín, apá àkọ́kọ́ ni kí o kà. Kí o sì ti ro ìbéèrè náà dópin kó tó pè. Má bi í pé kí ni kí á ṣe sọ́rọ̀ ilé, nítorí ẹni tó wà nínú kòtò pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́ kò lè máa ronú páànù. Sọ fún un pé, "Bíríkìlà ní iye báyìí, iye báyìí ló wà lọ́wọ́ mi, yàrá méjì ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bò, ṣé kí n ṣe é?" "Ṣe é" tàbí "má ṣe é" ló kù fún un láti sọ.

Fún ìgbà tí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, máa gba ohùn sílẹ̀ fún un lórí WhatsApp. Àmì ẹyọ kan ni wàá máa rí títí tí yóò fi dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, nígbà náà ni gbogbo rẹ̀ á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró: ti ilé lọ́tọ̀, ti ọmọ lọ́tọ̀, ti oko lọ́tọ̀. Á lè dáhùn wọn níkọ̀ọ̀kan. Kí o sì máa fi ọjọ́ bẹ̀rẹ̀: "Òní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ báyìí oṣù báyìí ni mò ń sọ̀rọ̀." Mo ti rí ọkọ tó gbọ́ pé ara ọmọ ń gbóná, tó fi gbogbo òru dààmú, ọmọ ọ̀hún sì ti padà sí ilé ìwé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.


Ọmọ Ogun, Bọ̀nọ́

Mo wà níbẹ̀ báyìí, mi ò ní sọ ibi tí mo wà. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, ìyàwó àti àwọn ọmọ mi wà nílé.

Ẹ má fi nǹkan pa mọ́ fún wa. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú yín ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ò fẹ́ kí ọkàn wa dàrú. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn á sọ fún wa. Àbúrò á sọ, ará àdúgbò á sọ, ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì máa ń sọ. Ìdajì ọ̀rọ̀ burú fún ẹni tó ń ṣọ́ òru. Bí ẹ ó ti sọ ọ́ ni pé kí ẹ fi ohun tí ẹ ti ṣe kún un: "Ara ọmọ gbóná, mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Bowen, wọ́n ní ibà ni, wọ́n ti fún un lóògùn, ó jẹ àmàlà láàárọ̀ yìí." Tí mo bá gbọ́ irú èyí, mo lè padà sẹ́nu iṣẹ́ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fọ́tò wa nínú aṣọ ogun sórí Facebook tàbí status pẹ̀lú orúkọ ìlú tí a wà tàbí ọjọ́ tí a ó máa bọ̀ nílé. Àwọn tí à ń bá jà náà ń lo fóònù.

Àwọn gbájúẹ̀ mọ̀ wá pẹ̀lú. Wọ́n á pe ìyàwó, wọ́n á ní ọkọ rẹ ti fara gbọta, pé kó fi owó oògùn ránṣẹ́ kíákíá. Ilé ìwòsàn ológun kì í pe ìyàwó sójà pé kó sanwó sínú àkáǹtì ẹnì kan. Èmi àti ìyàwó mi ní ìbéèrè kan tí àwa méjèèjì nìkan mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní èmi ló rán òun, kó dáhùn ìbéèrè yẹn ná. Kí ẹ tún gba nọ́ńbà ọ̀rẹ́ ọkọ yín kan tí wọ́n jọ wà, àti ti ẹnì kan tó ṣẹ́kù sí bárékè tí wọ́n ti gbéra. Tẹ́ ẹ bá ń gbé bárékè, Magájíyà ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ bá, torí òun ni olórí àwọn ìyàwó sójà, ó mọ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá.


Màmá Ẹlẹ́kọ, Ọjà Jagun

Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ẹ kú àtijọ́, ẹ̀yin ọmọ mi.

Ọkọ mi wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí Làìbéríà nígbà ECOMOG, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ní 1990. Kò sí fóònù àpò nígbà náà. Lẹ́tà ni, ẹni tó bá ń bọ̀ nílé ló sì ń mú un bọ̀. O lè kọ ìbéèrè lónìí kí ìdáhùn rẹ̀ dé lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti parí.

Ohun tó gbà wá sílẹ̀, ọkọ mi ti ṣe é kó tó lọ. Ó pe bàbá rẹ̀, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ó pe èmi náà. Gbogbo wa jókòó. Ó ní, "Bàbá, ibi tí mò ń lọ, ẹ ò lè rán ọmọ sí mi. Ohun tí ìyàwó mi bá ṣe nínú ilé yìí, èmi ni mo ṣe é." Ó wá ka ohun tí mo lè dá ṣe: oúnjẹ, owó ilé ìwé, ìtọ́jú àìsàn, àtúnṣe ilé, títa ohun tó bá jáde lóko. Ó ka ohun tí mo gbọ́dọ̀ fi lọ bàbá: ìnáwó ẹbí, ìkómọ, òkú. Ó ka ohun tí yóò dúró de òun: ilẹ̀ títà, àti ọ̀rọ̀ ìyàwó tàbí ọkọ ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà ti ẹnu rẹ̀ jáde lójú bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni bá ti ń gbé ẹnu sókè, bàbá ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló ń dá a lóhùn.

Ìyàwó Ológun, ìyẹn ni ilé rẹ ń fẹ́. Ọkọ rẹ ti lọ ná, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì lè wá. Ní kó gba ohùn sílẹ̀, kó pe Bàbá Kékeré lórúkọ nínú rẹ̀, kó kí i dáadáa, kó sì sọ ohun tó fi sí ìkáwọ́ ìyàwó rẹ̀. Má ṣe fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù o, ẹni tí a fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí báyẹn á rò pé ìyàwó ló kọ́ ọkọ sọ ọ́. Gbé e lọ bá àgbà ilé, kí gbogbo wọn jọ gbọ́ ọ.

Ohun kan ṣì kù tí àwọn ọmọdé kì í sọ. Ọjọ́ tó máa dé. Ọkùnrin á wọlé, á rí i pé ilé ń lọ láìsí òun, ọmọ tó bá fẹ́ jáde, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti ń tọrọ àyè. Ó máa ń dun wọ́n, wọn kì í sọ. Àwọn mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ gbogbo ènìyàn. Má da gbogbo ẹjọ́ lé e lórí lálẹ́ ọjọ́ tó dé. Má sì sọ pé kó lọ sinmi bí àlejò. Mú nǹkan kan tó jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó gbà á padà lọ́wọ́ rẹ láàárọ̀ kejì. Fún tèmi, ilé ìwé ni: òun ni mo ní kó mú àwọn ọmọ lọ. Rìsíìtì gbogbo ohun tí mo ná wà nínú agolo bisikíìtì, mo gbé e síwájú rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dé e padà, kò sì bi mí léèrè owó mọ́ láti ọjọ́ náà.


Òṣìṣẹ́ Báńkì, Ọ̀yọ́

Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó, nítorí mo ń rí àwọn ìyàwó ológun tí ń sunkún níwájú káúńtà wa.

Owó oṣù ń wọ àkáǹtì ọkọ, ọkọ kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, owó ò lè jáde. Oògùn rẹ̀ ni standing order. Ọkọ á kọ ìwé fún báńkì pé ní ọjọ́ báyìí lóṣooṣù, kí wọ́n yọ iye báyìí sí àkáǹtì ìyàwó òun. Báńkì á máa ṣe é fúnra rẹ̀ títí tí yóò fi ní ó tó. Tó bá gba ààyè wá sílé tàbí tó dé Màídúgùrì, ó lè ṣe é ní ẹ̀ka báńkì rẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ìyẹn sàn ju kó fi káàdì ATM àti PIN sílẹ̀ fún yín lọ. Ẹni tó bá fi PIN ẹlòmíràn gbowó, tí wàhálà bá dé, báńkì kò ní gbè é lẹ́yìn.

Ìkejì, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ láìbẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ gbà pé tí orúkọ àwọn bá ti wà gẹ́gẹ́ bí next of kin nínú àkáǹtì ọkọ, tí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, àwọn ló ni owó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a ó kàn sí ni next of kin lójú báńkì, kì í ṣe ajogún. Owó olóògbé kì í jáde àyàfi tí ilé ẹjọ́ gíga bá fún àwọn tó ni ín ní ìwé àṣẹ, letter of administration, tàbí tí olóògbé bá kọ ìwé ìhágún tí kóòtù fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n orúkọ tó wà nínú ìwé iṣẹ́ ológun ní iṣẹ́ tirẹ̀, òun ni wọ́n máa ń wò tí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ bá dé. Àwọn sójà kan wọ iṣẹ́ nígbà tí wọn kò tíì níyàwó, orúkọ ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n ló ṣì wà níbẹ̀ di òní. Bi ọkọ rẹ léèrè orúkọ tó wà nínú ìwé rẹ̀. Kì í ṣe pé o ń ro ibi sí i.

Má kó gbogbo owó pa mọ́ sínú fóònù, má sì kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ àpótí. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2023 tí owó tuntun dé, tí a ń tò lórí ìlà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé bẹ́ẹ̀ náà ló ká àwọn obìnrin mọ́ nígbà ogun abẹ́lé, nígbà tí ìjọba pààrọ̀ owó ìwé ní oṣù kìíní 1968, tí ọkọ sì wà lọ́hùn-ún lójú ogun.


Alàgbà Ilé

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò ní dùn létí gbogbo yín. Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀tá ni ẹbí ọkọ. Ìlú tó ti ń rán ọmọ lọ sógun látijọ́ ni Ògbómọ̀ṣọ́. Benjamin Adékúnlé tó ṣe olórí ẹ̀ka ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní 3rd Marine Commando nígbà ogun abẹ́lé 1967 sí 1970, ọmọ wa ni. Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyẹn, ẹbí ló ń dúró ti ìyàwó. Bí sójà bá kú, àwọn wo ni yóò gba àwọn ọmọ mọ́ra? Tí Bàbá Kékeré bá fẹ́ bójú tó oko ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìlara kọ́ nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé ó ń bẹ̀rù pé nǹkan ẹ̀gbọ́n òun á ṣègbé.


Aláṣọ Tákìé

Bàbá, ẹ ṣeun. Òótọ́ lẹ sọ pé ẹbí ń dúró ti èèyàn, èmi náà jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdúró tini yàtọ̀ sí kí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Ìyàwó yìí ló ń bá ọkọ rẹ̀ san owó òṣìṣẹ́ tó ro oko náà. Ẹ jẹ́ kí Bàbá Kékeré ní iṣẹ́ tó dájú níbẹ̀, kí ó sì ní ìpín tirẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí kò hàn sí ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ ni ìjà ti wá.


Olóko Káṣú, Ìrẹ́sàapa

Ti oko ni mo mọ̀, òun ni mo máa sọ.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta káṣú náà nígbà tó ṣì wà lórí igi. Àwọn oníṣòwò á wá pẹ̀lú owó àsansílẹ̀, wọ́n á ní àwọn gba gbogbo oko. Ẹni tí owó ń há mọ́ lọ́wọ́ á gbà, á sì pàdánù. Jẹ́ kó já bọ́ fúnra rẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n fi igi gbọ̀n ọ́n, èyí tí kò gbó á bá a já bọ́, á sì ba ọjà jẹ́. Ẹ ṣà á lójoojúmọ́ tàbí lọ́jọ́ méjì méjì, torí olè ń jí ṣà. Ẹ yọ kóró rẹ̀ kúrò lára èso, ẹ sá a sóòrùn dáadáa kó tó wọ àpò. Tó bá gbẹ, tí o mì í lọ́wọ́, wàá gbọ́ ọ. Àpò ọ̀rá kò dára fún un, ó máa ń jẹ́ kó làágùn, àpò ìdọ̀họ ni kí ẹ lò. Kí ẹ sì rí i pé ìwọ̀n kílò wà lójú yín nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n.

Nísinsìnyí, bí a ó ti pín iṣẹ́ náà: kí Bàbá Kékeré mójú tó ṣíṣà àti sísá, kí ìyàwó wà níbi ìwọ̀n, kí owó wọ àkáǹtì, kí wọ́n yọ ti Bàbá Kékeré fún un lójú ẹsẹ̀. Tí ọyẹ́ bá tún dé, kó ro àyíká oko kó mọ́ tónítóní kí iná ọ̀dàn má baà wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ọkùnrin tó le nìyẹn, yóò sì mọ̀ pé a ka òun sí.


Tíṣà, Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀rọ̀ kékeré ni tèmi. Owó WAEC kì í dúró de ẹnikẹ́ni, tí wọ́n bá ti ti orúkọ, ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Tètè san án kí o tó san èyíkéyìí nínú ìyókù. Kí o sì sọ fún tíṣà kíláàsì ọmọ rẹ pé bàbá rẹ̀ wà lójú ogun. A máa ń rí ọmọ tó ń sùn ní kíláàsì, a ó rò pé ọ̀lẹ ni, àṣé fóònù ló ń ṣọ́ lóru.

Ètò ìlera tún wà fún àwọn ológun, ó kan ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin tí wọn kò tíì pé ọdún 18. Bi ọkọ rẹ bóyá ó ti fi orúkọ yín sílẹ̀ àti ilé ìwòsàn tó yàn.


Lọ́yà

Lórí ilẹ̀. Ìyàwó wa, má tíì kan páànù, má sì san kọ́bọ̀ mìíràn. Ilẹ̀ ẹbí tí wọ́n tà láìsí ọwọ́ olórí ẹbí nínú rẹ̀ kò dúró rárá lábẹ́ òfin wa. Tí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìsí àwọn àgbà ẹbí, wọ́n ṣì lè gbé e lọ sí kóòtù kí wọ́n sì yí i padà. Nítorí náà, kì í ṣe ariwo lásán ni ohun tí wọ́n ń sọ, ó yẹ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Mú rìsíìtì àkọ́kọ́ lọ bá lọ́yà kan, kó pe olórí ẹbí àti àwọn àgbà wọn, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé tuntun tó jẹ́wọ́ owó tí ẹ ti san. Kí orúkọ ìwọ àti ọkọ rẹ jọ wà nínú ìwé náà.

Kí ọkọ rẹ fún ọ ní ìwé aṣojú, power of attorney, kí o lè fọwọ́ sí ìwé nípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí o mọ̀ pé tí ẹni tó fúnni bá ti kú, agbára ìwé náà ti parí. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí orúkọ tìrẹ náà wà lórí ilẹ̀.


Ìyàwó Ológun, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gidi. Ó pè lánàá. Mo ka inú ìwé fún un bí Aláṣọ Tákìé ṣe sọ. Ó ní kí n san WAEC, mo ti san án láàárọ̀ yìí. Ó gba ohùn sílẹ̀ fún àwọn àgbà ilé, mo sì gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá wọn. Bàbá Kékeré wà níbẹ̀. Ọkọ mi kí i ní oríkì nínú ohùn náà, ojú rẹ̀ yí padà pátápátá. Ó gbà láti mójú tó ṣíṣà káṣú, a sì ti kọ ìpín rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ohun tó ń dun òun ni pé láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n òun ti lọ, èmi nìkan ló ń pè. Mo ti sọ fún ọkọ mi, ó ní òun á máa pè é.

Lọ́yà, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, mi ò ní kan páànù. Ṣùgbọ́n òjò ń bọ̀. Kí ni kí n ṣe sí ògiri tó wà níta gbangba?


Bíríkìlà Ṣábó

Ẹ má bẹ̀rù, màdáámù. Ògiri búlọ́ọ̀kù tó dára kò ní wó nítorí òjò ọdún kan. Omi tó ń ti òkè wọ inú ihò búlọ́ọ̀kù lọ ló ń bà á jẹ́. Ẹ ní kí wọ́n po símẹ́ńtì àti yanrìn, kí wọ́n fi dí orí ògiri yíká, kó dà gẹ̀rẹ́ síta díẹ̀ kí omi lè ṣàn lọ. Kí wọ́n wa ilẹ̀ kún ìdí ilé kí àgbàrá má baà gbẹ́ ìpìlẹ̀. Irin tó yọ jáde, ẹ fi ọ̀rá wé e. Iṣẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì ni fún bíríkìlà àti lébìrà kan, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó páànù.